Ẹ Ní Oyin Ò Ta Mí Rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, kí ẹ wo ojú mi dáadáa. Ṣé ojú èèyàn rèé? Ti apá òsì ti dí pátá, ti ọ̀tún ló ń là díẹ̀díẹ̀, ètè mi wú bí àkàrà, lọ́la sì ni ìgbéyàwó Sae-rom, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Àárọ̀ yìí ni ọsibítù ní kí n máa lọ sílé, mo wọlé báyìí, kí ni mo bá? Ẹ̀yin lẹ dúró níwájú dígí mi, ẹ wọ hanbok mi, aṣọ ìbílẹ̀ wa, hanbok píǹkì tí wọ́n rán fún ìyá ìyàwó, ẹ ń wò ó bóyá ó gùn jù. Háà! Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà!

Kí n fara balẹ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti jìn, pé tí ẹbí méjèèjì bá jọ jókòó jẹun, ìyá ọkọ á rò pé ìyá àgbà ìyàwó ni mí? Ẹ̀yin ni! Ẹ mú mi lọ sí kílíníìkì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rọ oògùn tí ń kún ojú sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí, ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Sae-rom wá rí mi níbi tó ti ń wọn aṣọ ìyàwó rẹ̀, ṣebí ẹ gbọ́ ohun tó sọ? "Màámi, mi ò mọ ojú yín mọ́." Ọmọ náà sunkún. Ẹkún yẹn ló gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ oògùn náà kúrò lójú, kì í ṣe fáàrí o.

Dókítà ibẹ̀ ò kúkú tàn mí. Ó ní ká wádìí irú oògùn tí wọ́n fi síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí irú kan ń yọ́, irú kan ò ní yọ́ láéláé. Ó ní abẹ́rẹ́ ìyọ́ yìí lè yọ́ ara tèmi gan-an mọ́ ọn, kí ojú mi tún wá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ojú máa ń wú, pé èèyàn kì í ṣe é lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi lóun ò mọ ojú mi mọ́. Ó wá béèrè pé, "Ṣé oyin ti ta yín rí?" Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ta ló dáhùn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni, ẹ ti bú sẹ́rìn-ín: "Oyin wo, láàárín ìgboro Daegu? Lórí ilé alájà méjìlá? Kò ta á rí jàre!"

Kò ta mí rí! Ta ló mú mi lọ bá baba oníwòsàn ìbílẹ̀ tó ń fi oró oyin gún èèyàn lábẹ́rẹ́, nígbà tí ìdúró gé irun ní ṣọ́ọ̀bù mi ba orúnkún mi jẹ́? Ìtàn kọ́ o! Itan mi wú, mo ń bì, ara mi lé wúruwùru, baba náà lóun ò gbọdọ̀ rí mi níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ fà mí lápá dé inú takisí! Èmi náà ò tètè so ó pọ̀, torí gbogbo àdúgbò wa ló ń gún abẹ́rẹ́ yẹn bí ẹni ń mu tíì, ta ló ń pè é ní kí oyin ta èèyàn? Ọsibítù ni wọ́n ti wá ṣàlàyé fún mi pé ohun kan wà nínú oró oyin tó jọ oògùn ìyọ́ yẹn, ara tó bá ti kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Mo mọ̀ pé mi ò yá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ kí n dáhùn fúnra mi ni, mo fi ibojì bàbá wa búra, ǹ bá rántí!

Dókítà tiẹ̀ tún ní kí òun kọ́kọ́ fi oògùn ìyọ́ náà ín-ín-tín sí mi lápá wò, ká dúró ná. Ẹ ní rárá, télọ̀ ń retí wa, kó yáa ṣe é. Òun náà gbà, àbí kí ni ká ti wí! Kò pẹ́ rárá tí ọ̀fun mi fi dí. N ò rí èémí mí sínú, n ò rí i mí síta, mo ń fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi sáré gbé mi lọ sí ọsibítù. Ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi? Àbẹ́là! Ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ló ń tan àbẹ́là níbi ìgbéyàwó wa kí ìyàwó tó wọlé. Bàbá rẹ̀ ti kú, tí n ò bá sí níbẹ̀, ta ló máa bá ìyá ọkọ tan án fún ọmọ mi?

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní Sae-rom ló ní kí ẹ bá mi tan án? Pé ojú mi á dójú tì í níwájú àwọn àna? Ọmọ mi! Ọmọ tí mo fi irun gígé rán ní ilé ìwé! Yéè, ó kúkú sàn kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀fun yẹn dí lọ.

Ẹ dúró ná. Ẹnu Sae-rom lẹ ti gbọ́ ọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbójú sókè. Mo ní, ṣé ẹ bi ọmọ náà?

Kí lẹ ń kùn? Ẹ sọ ọ́ sókè! Ẹ ò bi í! Ẹ lọ sọ fún un pé èmi ni mo ní n ò ní wá mọ́, ẹ wá sọ fún mi pé òun ló ní kí n má wá! Ẹ tún ti bá mi dáhùn! Ẹ bá ìyá dáhùn, ẹ bá ọmọ dáhùn, ta ló fi yín ṣe ẹnu fún gbogbo ilé?

Nítorí ìtìjú ẹbí? Ìtìjú wo? Ẹ gbé fóònù yẹn wá. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, n ò ríran dáadáa. Kí ẹ sì pa ẹnu dé, ẹ jọ̀ọ́.

Halóò? Sae-rom? Màmá ẹ ni. Ètè mi ló wú, ìyẹn ni ohùn mi ṣe rí báyìí. Ọmọ mi, ojú mi burú o, n ò ní purọ́ fún ẹ, ó burú ju èyí tó o sunkún sí lọ. Ìwọ fúnra ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Ṣé kí n wá?

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké? Ó ní ojú yòówù kí n gbé wá, òun ò ní wọlé tí n ò bá tan àbẹ́là. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ aṣọ mi!