Ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Kọ́ Ni Mo Sọ fún Kọ́jó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Èmi ni mo ba ìjọ kan jẹ́ ní ilẹ̀ Tógò, tí mo sì jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ ru ẹ̀bi rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìjọ wa ní Àkúrẹ́ tún fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì lọ sí abúlé yẹn kan náà, irọ́ mi ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi mú ìyàwó kékeré wọlé. Kò pẹ́ tí ilé náà fi le mọ́ ìyá mi. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó mú mi dání, ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Lọ́mé. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì gbọ́ èdè wọn dáadáa.

Ní àwọn ọdún tí nǹkan le koko ní Nàìjíríà, Pásítọ̀ kan wá láti Àkúrẹ́ láti dá ìjọ sílẹ̀ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Lọ́mé. Kò gbọ́ èdè wọn rárá, èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Fún odindi oṣù mẹ́jọ ni baálẹ̀ fi kọ̀ láti fún wa nílẹ̀. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Pásítọ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi míì, àwa méjì àti àwọn ewúrẹ́ nìkan la máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Afí ló kọ́kọ́ gbàgbọ́. Òun ni ìyàwó kejì àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kọ́jó. Ó máa ń gbá abẹ́ igi náà fún wa, òun ló sì mú ọkọ rẹ̀ àti ìyáálé rẹ̀ wá. Òun àti Kọ́jó ni wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́ tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ìrìbọmi àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, Kọ́jó béèrè ohun tí òun máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Pásítọ̀, ó ní, “Sọ fún un pé kó má lé ẹnì kankan. Bí Olúwa ṣe bá wọn nílé náà ni kí wọ́n wà. Kó ṣáà má fẹ́ ẹ̀kẹta.”

Mo yíjú sí Kọ́jó, mo ní Pásítọ̀ sọ pé kó dá ìyàwó kékeré padà sílé bàbá rẹ̀ kó tó wọ odò.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ pé ahọ́n mi ló ṣì sọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyáálé jókòó síbẹ̀, ìyá mi ni mo sì rí lára rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ìyàwó kékeré kan tiẹ̀ jáde nílé fún ìyáálé wò láyé yìí. Bẹ́ẹ̀, Afí kò ṣẹ̀ mí rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Kò bá mi jà. Ó ní kí n bá òun bi Pásítọ̀ bóyá òun ṣì lè máa wá jọ́sìn láti ilé bàbá òun. Pásítọ̀ wà nínú yàrá lẹ́yìn mi, ó ń fá irùngbọ̀n. Mo wọlé bí ẹni tó fẹ́ bi í, mi ò bi í, mo sì jáde. Mo sọ fún Afí pé ó ní rárá.

Nígbà tí Pásítọ̀ béèrè Afí, mo ní àwọn ẹbí rẹ̀ ló wá mú un lọ nítorí pé ó gba Jésù. Kò pé oṣù kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n Afí fi wá wó àgọ́ wa palẹ̀. Ìjọ fọ́nká. Pásítọ̀ sunkún, ó ní inúnibíni ni. Látìgbà tí mo ti bá a padà sí Àkúrẹ́ ló ti ń fi jẹ́rìí ní àpéjọ, èmi náà a sì máa pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní èdè ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Mà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kórìíra Jésù níbẹ̀?”

Ọkọ mi ní kí n má jí ọ̀rọ̀ tó ti kú. Ó ní Pásítọ̀ ti darúgbó sí Ọ̀bà-Ilé, pé ọ̀rọ̀ náà lè pa á. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Mo ti gbọ́ pé Afí ṣì wà láyé. Bí mo bá kọ́kọ́ bá Pásítọ̀ sọ ọ́, àwọn alàgbà lè dá mi dúró kí ìjọ má baà gba ìtìjú. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Afí, Pásítọ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ẹ má ṣe gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dákẹ́. Mò ń lọ.