Lẹ́tà Ọ̀gá Mi Ni Mo Fi Gba Ẹ̀bùn ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́fà, mi ò sì lè gbé e dé Sátidé tó ń bọ̀.

Ìkòtún ni mo ti kọ́ṣẹ́ pátákó kíkọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ràímì. Àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń kọ ọ́, orúkọ ọ̀gá ló máa ń wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ọ̀gá ní irú lẹ́tà A, B, D kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ lẹ́tà náà nípọn, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà.

Nígbà ìjọba ológun, mo rí sikọ́láṣíìpù lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tíṣà ní kí oníkálukú fọwọ́ ya lẹ́tà tirẹ̀ láti A dé Z, irú èyí tẹ́nì kan ò rí rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yà á, tí mo ń pa á rẹ́. Nígbà tó ku ọ̀la ká gbé e wá, ẹ̀rù bà mí, mo bá ya ti Ọ̀gá, mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Mo ní ṣebí ọdún mẹ́rin lòun náà fi kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ mi. Ẹ ẹ̀ rí àwáwí.

Wọ́n fún mi lẹ́bùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa.

Nígbà tí mo padà wálé, Ọ̀gá rí ìwé náà. Ó wò ó títí.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó mà jọ tèmi o. Kò burú, màá fi tèmi sílẹ̀, kí wọ́n má baà ní mò ń jí tìẹ wò."

Mo ṣe bí àwàdà ni. Àmọ́ kò kọ lẹ́tà yẹn mọ́. Àwọn oníbàárà tó ń wá nítorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ẹgbẹ́dá lọ bá akọpátákó mìíràn. Mo rí i, mo dákẹ́. Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ó ní kí n wá bá òun tún pátákó ṣọ́ọ̀bù kọ ní Sátidé.

"Lẹ́tà rẹ yẹn ló wù mí kó o fi kọ orúkọ mi. Ṣé wàá gbà fún mi ṣá?"

Mo ní, "Mo gbà, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ọdún mẹ́fà padà fún un? Tí mo bá sì dákẹ́, ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.