Wúrà Kò Jí Oúnjẹ Jẹ

Ẹ̀yin akọrin, ẹ dákun, ẹ má tíì gbé orin kankan. Bí orin bá gba ilé yìí kan báyìí, n ó jókòó, n ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bí mo ṣe ń gbé e mì látọjọ́ yìí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Akínkúnmi tó ń fi ẹ̀rọ lọ èlùbọ́, èmi ni ọkọ Wúrà aránṣọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ibi tí mo dúró sí yìí ni ìyàwó mi dúró sí lórí ẹsẹ̀ kan, tó fi igi gbé ara rẹ̀ ró, tó ń sunkún, tó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. Ó ní ọ̀kánjúwà ló gé òun lẹ́sẹ̀. Ó ní dókítà kìlọ̀, ọkọ òun kìlọ̀, síbẹ̀ òun ń yọ́ oúnjẹ jẹ. Ẹ pòṣé, ẹ káàánú rẹ̀, ẹ gbàdúrà lé e lórí. Èmi náà ṣe àmín. Ó tó gẹ́ẹ́! Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́; ohun tí wọ́n ní kó gbà gbọ́ ló gbà gbọ́. Wúrà kò jí oúnjẹ kankan jẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi yìí ṣe ohun tó gé e lẹ́sẹ̀, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere. Ẹ má bá mi di ẹ̀bi ru Èṣù o. Kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n sì sọ ọ́ kíá kí ojú má baà tún tì mí. Nígbà tí wọ́n rí ìtọ̀ ṣúgà lára Wúrà, obìnrin tó sanra dáadáa ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Kifayat, níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú ní Òṣogbo, fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní oògùn tí Wúrà ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn sanra sí i, bẹ́ẹ̀ sísanra yẹn ló ń fún àìsàn náà lágbára. Ó ní oògùn funfun kan wà tí kì í múni sanra, kó lò ó, kó fi oúnjẹ tó níwọ̀n àti ìrìn rírìn tì í lẹ́yìn. Bí ìyẹn ò bá ká a, abẹ́rẹ́ ìnsúlínì ń bẹ, kí a má sì bẹ̀rù rẹ̀, kì í pa ènìyàn. Wúrà ní òun ó rìn. Ó sì rìn! Ẹ rí i láàárọ̀ kùtù, tó wọ bàtà kámbáàsì Ìwàlẹwà ọmọ wa, tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú mọ́lẹ̀ padà, ó ń fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Ó ń kọrin nídìí maṣín. Dókítà ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé, ẹ̀yin ará! Ìró ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́, eegun ọrùn rẹ̀ yọ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá lọ èlùbọ́ á wojú mi, á ní, “Bàbá Ìwà, ṣé kò sí o? Ìyàwó yín mà ti joro.” Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ ò rí nǹkan, ẹni tó ń lọ oúnjẹ gbogbo àdúgbò, ebi ń pa ará ilé ẹ̀.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun, Màmá Phebe, ẹ̀gbọ́n ìyá Wúrà, tó ti di olóògbé báyìí, fà mí lápá lójú gbogbo èrò. “Akínkúnmi, ọmọ tí a fún ọ rọ̀bọ̀tọ̀, ṣé bí o ṣe fẹ́ dá a padà fún wa nìyí? Bí o ò bá rí i bọ́, sọ̀rọ̀.” Obìnrin kan lẹ́yìn wọn rọra ní kí wọ́n yáa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, bóyá àìsàn tí wọn kì í dárúkọ ni. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ṣebí gbólóhùn kan péré ni n bá fi dá wọn lóhùn, pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, pé rírù yẹn gan-an ni ìlera rẹ̀. N ò sọ ọ́. Ojú tì mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ìyàwó mi kú ju kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, ẹ ti rí irú ọkùnrin tí mo jẹ́.

Àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni Wúrà ń jẹ nígbà yẹn. Òun ló ń bó o, tó ń gé e, tó ń sá a sórí páànù títí á fi gbẹ, á sì gbé e fún mi lọ̀. Ta ni ìbá tún gbé e fún? Lọ́jọ́ kan mo bu èlùbọ́ iṣu lé e, mo bu àgbàdo lílọ̀ sí i, mo pò wọ́n pọ̀. Mo ní kí ẹran ara rẹ̀ ṣáà padà díẹ̀, kí ẹnu wọn lè wọlẹ̀. Ó rokà náà, ó tọ́ ọ wò. “Bàbá Ìwà, ìyẹ̀fun tẹ̀yí mà fẹ́lẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà, Màmá Phebe rí i, wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ rere. Àṣé o mọ̀ ọ́n ṣe.” Ìyìn yẹn pa mí bí ọtí. Alàgbà Oyèbọ̀dé, ẹ má fa aṣọ mi, ẹ jọ̀ọ́ sà. N ò tíì débi tó burú.

Ṣúgà rẹ̀ gòkè, dókítà bá fi kún oògùn, ni ara rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo sọ fún ara mi pé oògùn yẹn ló ń gbẹ ẹran ara rẹ̀, èmi tí n ò mọ oògùn yàtọ̀ sí Panadó. Èmi sì ni mo ń rà á, torí mo máa ń lọ sí Òkè-Fìà ní Òṣogbo láti ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ìka Wúrà ti ń kú tipiri, kò lè fún oògùn jáde nínú páálí, nítorí náà èmi ni mo ń tú u sínú ike fún un. Mo rí oògùn eegun kan tó funfun, tó tóbi bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí mi kí n kúrò lójú ọ̀nà, àágùn bò mí, mo sì rà á. Mo da oògùn rẹ̀ sí gọ́tà. Mo da oògùn eegun sínú ike. Àràárọ̀ ni yóò fi sẹ́nu, yóò ní, “Jésù, ìwọ ni Oníṣègùn mi,” yóò mu omi lé e, èmi á jókòó tì í, n ó máa jẹ búrẹ́dì. Ara tí mo ń wá ò sì dé. Òǹgbẹ ló dé, ìtọ̀ ló dé. Ó rù ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú rẹ̀ ṣú padà, kò lè rìn dé ìdí òkè mọ́. Ṣé mo dá oògùn rẹ̀ padà? Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ara rẹ̀ bá yá lójijì, wọn ó bi mí ní ohun tí mo yí padà. Ọ̀dájú ni mí, n ò rí orúkọ míì tí n ó fún un.

Ó wá kan ọjọ́ tí a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó wo èsì ẹ̀jẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Mọ́mì, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” Wúrà ní, “Mò ń lò ó, dókítà, n kì í pa á jẹ.” Ó bi í ní ohun tó ń jẹ, ó kà á: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọkà àgbagbà. Dókítà ní ṣúgà yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ bẹ́ẹ̀. “Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, n ò ní nà yín.” Wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Ni dókítà bá kọjú sí mi: “Dádì, ẹ̀yin lẹ jọ ń gbélé. Bó bá jẹ́ pé oògùn ni ò ká a mọ́, òní yìí ni n ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún wọn. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ ni, ẹ jẹ́ n mọ̀.” Ọ̀nà là gbayawu níwájú mi. Kí n ṣáà ní, “Ẹ gún un lábẹ́rẹ́,” ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tí mo ṣe, ẹsẹ̀ obìnrin náà á sì wà lára rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé wọn ó ní kí n kó oògùn ilé wá kí wọ́n wò ó. Mo mí kanlẹ̀ bí aláàánú. Mo ní, “Dókítà, ẹ bá mi bá a wí. Ó máa ń yọ́ jẹun. Mo bá búrẹ́dì lábẹ́ maṣín rẹ̀.” Wúrà wò mí. Bó bá bínú ni, ì bá sàn. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú ọpọlọ rẹ̀. “Búrẹ́dì, Bàbá Ìwà?” Mo ní, “Wúrà, sọ òótọ́ kí wọ́n lè ràn ọ́ lọ́wọ́.” Dókítà bá a wí bí ẹní ń bá ọmọdé wí, ó ní kó lọ ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ná, àwọn ó dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ọkọ̀ gbé wa padà dé ilé wa ní Iléṣà. Nígbà tí a wọlé ló ní, “Ẹ kì í purọ́ mọ́ mi. Bí ẹ bá ní ẹ rí i, a jẹ́ pé mo jẹ ẹ́. Bóyá ojú oorun ni mo ti ń dìde.” Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ bá mi ṣọ́ ara mi.” Mo gbà á! Mo fi okùn so ó kọ́ ọrùn. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń bẹ̀rù ara rẹ̀. Bó bá jí, á máa wo abẹ́ èékánná rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó pe Ìwàlẹwà lórí fóònù, ó ní ó jọ pé orí òun ti ń dàrú. Ìgbà yẹn ni pínnì gún un lẹ́sẹ̀ nídìí maṣín tí kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí òórùn fi jẹ́ ká mọ̀, ẹsẹ̀ náà ti dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ gé ẹsẹ̀ náà ni mo tó da oògùn gidi padà sínú ike. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi nígbà tó lajú: “Bàbá Ìwà, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà ti kìlọ̀ fún mi.”

Mo ti pinnu pé n ó gbé àṣírí yìí dé sàréè, àfi lọ́jọ́ Ìsinmi tí Wúrà dìde níbí, tó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, tó sì ní ọkàn òun fúyẹ́. Láti ìgbà náà, mo jókòó, kò gbà mí. Mo dùbúlẹ̀, kò gbà mí. Ní Ọjọ́bọ̀ mo bá a nídìí maṣín, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ń retí igbe. Kò ké. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Kò sí búrẹ́dì níbẹ̀?” Mo ní kò sí. “Lábẹ́ maṣín, kò sí nǹkan kan?” Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Wúrà.” Ó bú sẹ́rìn-ín! Ó rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó ń lu àyà, “Orí mi pé! Ọlọ́run o, àṣé orí mi pé!” Lẹ́yìn náà ló wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Obìnrin tí kò pè mí ní ìwọ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ní, “Dìde. Má fi ìdọ̀bálẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́. Ibi tí mo ti ba ara mi lórúkọ jẹ́, ibẹ̀ ni kí o lọ tún un ṣe.”

Òun ló jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ má yíjú wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí ìyàwó yín bá ń rù nítorí ìlera rẹ̀, tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ ní, “Ara rẹ̀ ń yá ni,” kí ẹ sì gbé ọrùn yín sókè. Ẹ̀yin tó máa ń sọ fún èèyàn pé ó ti joro, ẹ rántí pé ẹ ò mọ ẹni tó ń gbọ́ yín. Àti ẹ̀yin àgbà, mo mọ ìṣe wa. Bí mo bá ti dákẹ́, ẹ ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ ó ní, “Wúrà, ọkọ rẹ ni, wo ti ọmọ, dárí jì í nítorí tiwa.” Kò sì ní lè kọ̀ fún yín, torí ẹ jù ú lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ti gba ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yìí láìtọrọ, ẹ má tún bá mi gba ìdáríjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ bínú dọjọ́ ikú mi, ẹ jẹ́ kó bínú.