Èmi Ni Mo Fẹjọ́ Ọgbà Àlàájà Sùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ara mi le, inú mi sì dùn. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí bulọ́ọ̀kù ti dé sẹ́nu ọ̀nà Àlàájà.

Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú la jọ ń gbé. Àlàájà, aládùúgbò mi, kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, ẹja ló máa ń yan lẹ́yìnkùlé, ọgbà ọparun rẹ̀ ló sì pààlà sáàrin wa. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Bí mo bá ti sá sùtánà mi, èéfín ẹja á kó sí i lára. Lọ́jọ́ ìsìn kan, ẹnì kan bi mí bóyá ẹja ni mo gbé wá tà. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Òfin ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa ni pé ọgbà ilé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọparun tàbí páànù, àfi bulọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó ka òfin náà sí. Mo yọ́ lọ bá alága, mo fẹjọ́ sùn. Mo rò pé Àlàájà á mọ ògiri gíga, èéfín á sì dúró sọ́dọ̀ ẹ̀.

Wọ́n wó ọgbà náà. Èmi àgbàlagbà yìí náà ni mo lọ bá a kẹ́dùn, tí mò ń pariwo, "Ta ló ṣe irú èyí?" Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.

Àlàájà ò lágbára àtimọ ògiri. Èéfín wá ń wọlé tọ̀ mí bí àlejò tí wọ́n pè. Nígbà tí Àlàájà rí i bó ṣe ń fẹ́ sára aṣọ mi, òun fúnra ẹ̀ ló gbé ààrò lọ sí apá kejì. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá ti sọ fún un.

Nígbà tí mo wá ṣubú lẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé mi, ìdí ààrò ló ti rí mi. Ìborùn ẹ̀ ló fi di ẹsẹ̀ mi tó kán, ó sì fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sọ́sípítù. Ó ní, "Màmá, ká ní ọgbà yẹn ṣì wà, ta ló máa rí yín?" Bó bá ti gbé ẹja wá fún mi báyìí, á ní, "Ẹni tó fi mí sùn yẹn, Ọlọ́hun á bá mi ṣe é lóore." Èmi á sì ṣe àmín kíkankíkan.

Ọmọ ẹ̀ ló ra bulọ́ọ̀kù. Àlàájà ní iwájú tó kọjú sí títì nìkan ni wọ́n máa mọ: "Ògiri kankan ò ní sí láàrin èmi àti màmá mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti fojú wo bulọ́ọ̀kù yẹn dáadáa, ó tó mọ àárín wa náà. Ṣé kí n jẹ́wọ́, àbí kí n máa ṣe àmín mi lọ?