Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fún Un

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Aladja láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo odò Warri, ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ jókòó níwájú mi, ohùn wọn rọ̀ bí ẹni pé oorun ò tíì dá lójú wọn.

"Ọ̀gá tó fi ẹ́ síṣẹ́ lo fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn?" ni Ìyá bi í.

"Òun ni, mà. Omi ẹlẹ́po tí a bá fi fọ táǹkì epo nílé iṣẹ́ wa, inú odò yìí ló ní ká máa dà á sí. Ẹja tí bàbá mi ń pa ti ń rùn bíi kẹrosíìnì."

"Ta lo wá sọ fún?"

"Àwọn kan l'Ékòó ni. Ilé iṣẹ́ wa ló gbà wọ́n pé kí wọ́n máa gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí, kí wọ́n sì máa wádìí ẹ̀. Wọn ò mọ̀ mí."

"Ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ lo gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́?"

"Ìyá, ẹni tó mọ̀ mí ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo rọra tún gbólóhùn yẹn sọ nínú ara mi. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kùn.

"Wọn ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ mi. Na number dem give me, nọ́ńbà ni wọ́n fún mi. Òun ni mo máa ń jẹ́ tí mo bá pè wọ́n."

"Orúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́ ńkọ́?"

"Mo fi í sílé. Èyí ni mo fi ń sọ òótọ́."

Ìyá wo omi títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí wá ni nọ́ńbà ọ̀hún, ọmọ mi?"

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ ìyá mú.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí."