Ó Ń Rẹ Kíndìnrín Tí Àbúrò Mi Fún Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́. Láti ilé wa ní àdúgbò Ahougnansou dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kò jìnnà rárá, síbẹ̀ mo ní láti dúró lọ́nà, kí n fọwọ́ ti ògiri, kí èémí mi tó bọ̀ sípò. Bí mo bá débẹ̀ tán, oníbàárà á béèrè ọjà, n ó sì máa wo ọjà náà bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kó o wá. Àwọn èèyàn ní kòrónà ti lọ. Ó lọ lọ́dọ̀ tiyín ni o! Ní tèmi, ó kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sára mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ yìí ló ń pa mí lẹ́kún. Irọ́ tí mò ń pa fún àbúrò mi ni.

Làmídì lorúkọ rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wa, mẹkáníìkì ni ní àdúgbò Kennedy. Nígbà tí kíndìnrín mi méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, òun ló dìde láàárín ẹbí pé kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tòun fún mi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Wọ́n ṣe é, ara mi sì gbà á. Láti ìgbà náà, bí Làmídì bá ti wọlé lọ́jọ́ Àìkú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, lokatéè mi ńkọ́? Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?" Lokatéè, ìyẹn ayálégbé lédè Faransé, ló ń pe kíndìnrín rẹ̀ yẹn. Èmi náà á ní, "Ó wà pa, àfi omi mímu ló mọ̀!" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Oògùn tí mò ń lò kí ara mi má baà kọ kíndìnrín àlejò yìí máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Ó ní kí n máa bo imú àti ẹnu níbi tí èrò bá wà, kódà bí gbogbo ayé bá ti ṣíwọ́. Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo sì ń bò ó, àfi ọjọ́ fìdáù bàbá ọkọ mi ní àdúgbò Belleville. Àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nílùú yìí, mọ ara wa. Bí o kò bá yọjú níbi òkú, ojú á wá ọ. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pẹ̀lú ìbòmú lójú. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé àwa la di àrùn tí o fi ń bo ẹnu kí wa?" Gbogbo obìnrin ilé kọjú sí mi. Kí ni ìyàwó ilé ó ṣe? Mo ṣí i. Mo jókòó tì wọ́n, a jọ tọwọ́ bọ abọ́ kan náà. Wọ́n ń wúkọ́, n kò lè dìde.

Kòrónà ni. Ohun tó ṣe Ìyá Àgbà bí ikọ́ lásán dá mi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Mo yè é, mo rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, ara kò padà bọ̀ sípò, títí dókítà fi sọ pé kíndìnrín náà ti fara gbọgbẹ́ látìgbà àìsàn yẹn, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì lè padà wá. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú èyí o, ó sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ mi!

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí ẹyọ kan ṣoṣo kù lára rẹ̀ nítorí mi? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí oore bàjẹ́ sí lára ńkọ́?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Làmídì wọlé. Mo fẹ́ dìde gbé àga fún un, àìléèmí dá mi padà sórí ẹní. Ó jókòó tì mí. Mo ti pèsè irọ́ mi, "Ó wà pa", sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè lokatéè rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Mo ní kó bá mi bu omi. Ó bu omi fún mi, ó sì lọ.

Ẹ̀yin àgbà, bí irú mi bá bo ẹnu kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jẹ́ kó bò ó. Ìkúnlẹ̀ náà ti tó. Làmídì tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi dá a lóhùn, nítorí àlàáfíà èmi gan-an ló béèrè, kì í ṣe ti kíndìnrín rẹ̀.