Eruku Ló Ń Ṣáájú Ẹṣin

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkùnrin kan àti ìyá àgbà kan, nígbà tí a jọ jókòó sí ìsọ̀ káfíńtà tó ń ṣe férémù àwòrán nítòsí ìdíkọ̀ rélùwéè Ọ̀fà. Àwòrán àtijọ́ kan wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà: àwọn ọmọ ogun òyìnbó ń fi idà bá ara wọn jà lórí ẹṣin.

“Ìyá, ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà? Ara ògiri tíṣà mi ni mo ti ń wò ó láti kékeré. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n fún mi.”

“Ó rẹwà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin yìí mọ́ jù. Eruku wọn dà?”

“Eruku kẹ̀?”

“Ọmọdé ni ìyá mi nígbà tí ogun ẹlẹ́ṣin dé Ọ̀fà yìí. Wọ́n ní kí àwọn tó rí ẹṣin, eruku làwọn kọ́kọ́ ń rí. Títí wọ́n fi darúgbó, bí ọyẹ́ bá ti gbé eruku lójú ọ̀nà, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká wọlé. Àwa á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, ‘Màmá, atẹ́gùn lásán ni!’ Wọn ò ní gbà, àfi ìgbà tí gbogbo wa bá wọlé tán.”

“Ọpẹ́ ni pé ogun yẹn ti tán, Ìyá.”

“Ó ti tán. Ìyá mi náà ti lọ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, eruku dìde, mo dúró lójúde títí ó fi bò mí. Kò sẹ́ni tó pè mí wọlé.”